Ojú Màámi Lára Pákó Apá

Bàámi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin fọ́tò kan ṣoṣo tí màámi ní. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ni, àwọn méjèèjì dúró níwájú aṣọ tí ayàwòrán ta sẹ́yìn wọn, bàámi de táì, màámi di òdòdó mú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, kí kápẹ́ńtà tó kan ìdérí pósí, bàámi wọ yàrá lọ, ó yọ fọ́tò náà kúrò nínú gíláàsì rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí i láyà. Ó ní kò gbọdọ̀ dá lọ. Nítorí pé òun náà wà nínú fọ́tò, ó gbà pé bí òun ṣe ń sìn ín sọ́nà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ta ló fẹ́ dá ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú dúró? Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà náà, mo sì rántí ìró òòlù tó kan ìdérí náà ju bí mo ṣe rántí ojú ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò sí fọ́tò mìíràn. Màámi kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun. Èyí tó bá àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ayàwòrán ṣe fẹ́ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ni màámi tẹ̀ ba láti so okùn bàtà mi, gèlè rẹ̀ nìkan ló hàn. Àwa méjèèjì la wà níbẹ̀, gèlè òun àti ẹnu èmi tó là sílẹ̀.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni bàámi ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì. Àwọn tó gbọ́njú ní Ìjẹ̀bú-Òde láyé ìgbà yẹn á rántí bí ó ṣe máa ń rí. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ kákí lókèèrè, àwọn ìyá wa á ti máa gbálẹ̀ tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa da omi àmù nù. Bàámi lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún ẹ pé tanwíjí wà nínú ìkòkò tó wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn èèyàn kórìíra ojú rẹ̀ tọkàntọkàn, òun náà sì mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ojú yẹn ló wá fẹ́ fi í sílẹ̀.

Mo ti padà sínú ilé rẹ̀ nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, èmi ni wọ́n gbé wá sí ilé-ìwé gírámà kan lọ́nà Ìjagun láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi. Obìnrin tó ń kọ́ni níṣẹ́ igi! Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n á ní kí n bá àwọn ṣe ibùsùn, wọ́n á ní ṣé ọkọ mi ló ń se ọbẹ̀. Ara mi kì í gba gbẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nílé, mi ò rí nǹkan kan bá bàámi sọ. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù, omi ń ṣàn lọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo pariwo. Ó ní èmi ni mo gbé kọ́ọ̀bù kúrò níbi tó wà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kí aṣọ tí mo sá sórí okùn, ó béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fi tipá mú un lọ rí dókítà ojú ní Ìbàdàn. Dókítà náà ní omi inú ojú ló pọ̀ lápọ̀jù, ó ń tẹ iṣan tí èèyàn fi ń ríran, ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ ló sì ti kọ́kọ́ ń pa ojú, á wá máa sún mọ́ àárín. Ó ní ohun tó ti lọ ti lọ. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i lè mú kí ìyókù fi díẹ̀díẹ̀ lọ, ìyẹn náà ni pé bí oògùn bá wà. Nígbà yẹn, èèyàn á rìn ká gbogbo ilé oògùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. 

Ìrọ̀lẹ́ kan ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní, "Mi ò rántí ojú ìyá yín mọ́."

Mo ní kí ló dé tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí bó ṣe máa ń rìn. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá ojú rẹ̀, òfìfo ni mò ń bá níbẹ̀. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí eléyìí tó dí pátápátá."

Inú bí mi. Ta ló ní kó sin fọ́tò? Mi ò sọ ọ́ síta, mo kó ẹ̀gẹ́ wọ ilé ìdáná, gbogbo ìkòkò tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ sí i. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo gbìyànjú láti rí ojú màámi. Èmi náà kò rí i. Mo rí gèlè yẹn.

Mo rìn ká gbogbo ẹbí, mo béèrè bóyá fọ́tò màámi wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí. Mo lọ bá ayàwòrán kan tó máa ń kun pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀ àti ilé ọtí, mo ṣàlàyé màámi fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Obìnrin tó yà wá fún mi sanra, ó pọ́n bí ẹ̀wà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni fẹ́ ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bàámi gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́, ó ní kí n bá òun kí i.

Àbúrò màámi obìnrin tó ń gbé ní Ayépé ló kù. Gbogbo èèyàn gbà pé wọ́n jọra. Mo ronú pé kí wọ́n ya òun dípò màámi, fọtógíráfà tó wà nítòsí ilé-ìwé wa sì sọ fún mi pé èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ ṣe é. Ó ní tí òkú kò bá ní fọ́tò, àwọn ẹbí a máa mú ẹni tó jọ ọ́ jù wá, wọ́n á wọ aṣọ òkú fún un, òun á sì yà á. Ó ní àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri ilé tí mo mọ̀ dáadáa, mi ò kàn mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ni.

Àǹtí mi kọ̀ ní àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ ní ojúlówó Ìjẹ̀bú, kíákíá, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rù bá bà á, pé òun kò ní wọ aṣọ ẹni tó kú kí òun wá jókòó kí ẹ̀rọ máa wo òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un ohun tí bàámi sọ. Ó ní kí n mú aṣọ náà wá. Ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé ni, ó ti wà nínú àpótí láti ìgbà náà, ó ń rùn káńfọ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, kò wo dígí. Ó jókòó níwájú ẹ̀rọ fọ́tò, ọwọ́ lé orúnkún, ó ní, "Ẹ má gbé àmì tó wà légbẹ̀ẹ́ imú mi sí i o. Tèmi nìyẹn. Kì í ṣe tiẹ̀."

Fọ́tò náà dára. Bàámi gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní ó ń dán, pé dídán yẹn nìkan ni òun ń rí. Ó ní ó kéré, gbogbo rẹ̀ sì ṣe eérú-eérú. Ó dá a padà fún mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, bí ẹni tó dá owó padà fún ẹni tí kò ní. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un pé màá fi igi ṣe é. Màá ṣe é kó tóbi tó ọpọ́n ńlá, funfun lórí dúdú, kò ní sí dídán kankan nínú ẹ̀. Ó ní, "Ṣe é kíá."

Ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti gbòde nígbà náà. Ìjọba ní kí gbogbo ọmọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n wá ń kó ẹ̀rọ láti òkè òkun fún àwọn ilé-ìwé nínú àpótí onígi ńláńlá. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí náà ni wọ́n wà títí ìpẹtà fi jẹ wọ́n. Tiwa wà lẹ́yìn ilé ìkówèésí, ewúrẹ́ ń sùn lórí wọn. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo mú òòlù, mo ṣí wọn. Nínú ọ̀kan ni mo ti bá ẹ̀rọ afíngi.

Apá méjì ló ní. Ọ̀kan di ọ̀pá kékeré kan mú tí kò mú lẹ́nu, ìkejì gbé mọ́tò tó ń yí irin mímú kan. Tí o bá gé àwòrán sára pákó pẹlẹbẹ, tí o sì fi ọ̀pá kékeré yẹn tọ etí rẹ̀, irin mímú náà á máa tọ ipa kan náà lára pákó kejì, á máa gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ní ìdajì ìtóbi. Mo fẹ́ràn ìyẹn jù lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, ìdajì gbígbọ̀n náà ló máa dé ara iṣẹ́. Àwòrán kan náà ni mo fi ń gbẹ́ ihò, òun náà ni mo fi ń gé èyí tó máa bọ́ sínú ihò náà. Ọ̀pá tín-ín-rín ni mo máa ń lò fún ihò, èyí tó nípọn fún ìfibọ̀. Bí mo bá ṣe é dáadáa, igi funfun náà á wọ inú dúdú rẹ́gí, màá fi gúlù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, màá wá fá a títí méjèèjì á fi di ojú kan.

Pákó igi apá ni mo yàn fún awọ ara màámi, nítorí pé ó pupa, ó sì dúdú díẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí lójú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ fi igi tó mọ́lẹ̀ bọ̀, iwájú orí, òkè imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀. Igi arère fún ibi tó mọ́lẹ̀ jù, igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ fún ibi tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Igi dúdú ni mo fẹ́ lò fún ẹyinjú, ìpéǹpéjú àti ìlà pélé ojú rẹ̀.

Ilé ìlagi kan lọ́nà Ìbẹ̀fún ni mo ti ra pákó apá náà. Ẹni tó tà á búra pé ó ti gbẹ. Mo fi ìka kàn án, ìró rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ojú bàámi kò ní dúró dè mí kí n sá pákó sóòrùn fún odindi ọdún. Mo gbé e. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀. Tí ó bá lọ nígbà tí irin wà nínú igi, irin á gan síbẹ̀, màá dúró tì í, màá máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú ara mi, màá máa ṣépè. Tó bá dé, màá tẹ̀ síwájú. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, ojú ti wà lára pákó náà, mo ti ń fá a.

Ọyẹ́ wá dé. Ọdún yẹn, ó wá pẹ̀lú agbára, ètè gbogbo wa là, ìkùukùu rẹ̀ bo òrùlé. Mo ṣí ibi iṣẹ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ètè ìsàlẹ̀ màámi nílẹ̀, láàárín èérún pákó. Pákó apá yẹn ti gbẹ lálẹ́, ó ti fà, ó ti là láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ihò ti fẹ̀ níbì kan, ó ti fún níbòmíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gbérí sókè. Mo mú ètè náà, mo gbìyànjú láti fi í padà síbi tó ti bọ́. Kò wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ yẹn, mo kéré, biskíìtì ni wọ́n fi tàn mí.

Mo délé, mo sọ fún bàámi pé iṣẹ́ náà bàjẹ́. Ó ní kò burú. Ó ní, "Ṣé o ṣì lè tún un ṣe?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé ló máa ń béèrè pé, "Ṣé ó ti ń jọ ọ́?" Kò béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Ó ti dẹ́kun lílọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ̀yìntì. Ó ní ẹnu wọn ló pọ̀ jù.

Igi tó ti gbẹ tọ́jọ́ ni mo wá wá. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pààrọ̀ àwọn àga gbọọrọ àtijọ́, àwọn tó ti kán ni wọ́n kó jọ sí ìdí ògiri fún ẹni tó bá fẹ́ dáná. Igi apá ni wọ́n fi ṣe wọn, àwọn ìyá wa àti àwọn ìyá wọn ti jókòó lórí wọn títí wọ́n fi dán. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi ní èyí tó fẹ̀ jù. Kò sí ọyẹ́ tó tún lè ṣe pákó yẹn ní nǹkan kan.

Mo fi sùúrù ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, kì í sì í ṣe ìwà mi. Àǹtí mi máa ń wá láti Ayépé, á jókòó sórí àpótí nínú ibi iṣẹ́, á máa wo bí mo ṣe ń gé àwòrán náà, á máa ta kò mí. Ó ní ojú òun ni mò ń yà, pé kì í ṣe ojú ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní báwo wá ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí? Ó ní ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo ju báyìí lọ. Ó ní tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kan máa ń kéré ju èkejì lọ. Mo gé e, mo tún un gé. Nígbà tó kan pélé, a jọ jà. Ó ní kí n wo tiẹ̀, pé olólà kan náà ló kọ àwọn méjèèjì. Mo ní màá béèrè lọ́wọ́ bàámi.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí pélé màámi ṣe rí gan-an, bó gùn, bó nípọn. Ó gbé ìka sókè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tí kò ní ìlà kankan. Ìka náà dúró sáfẹ́fẹ́ díẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n," ó ní, "kí ni mo fẹ́ fi pákó ṣe?"

Mo wá wọn ti àǹtí mi. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, gbogbo wọn gùn bákan náà.

Ọjọ́ tí mo fi igi dúdú bọ ojú náà tán, tí mo fá a, tí mo fi epo pa á, àǹtí mi wà níbẹ̀. Epo wọ inú igi, àwọn àwọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí mi dìde lórí àpótí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú èérún pákó, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."  Mo gbà pé mo ti ṣe é. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ nígbà tí a ń lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni a gbé e délé. Bàámi jókòó síwájú ilé, òòrùn mọ́lẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Bàámi, ó ti parí," mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e dúró lórí itan. Ẹ̀yìn pákó ló kọ sí i lójú, níbi tí kò sí nǹkan kan ju ìlà pẹ́ńsù mi lọ. Mo na ọwọ́ kí n bá a yí i padà, ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Hẹ̀n-ẹn," ó ní. "Òun nìyí. Ẹ wo bó ṣe ń wò mí."

Àǹtí mi wo ilẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ níbẹ̀, kó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́.

"Bàámi, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ dojú kọ."

Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn pákó náà. Mo béèrè pé láti ìgbà wo ni kò ti ríran mọ́. Ó ní láti ìgbà tí ọyẹ́ ń parí lọ ni kò ti sí nǹkan kan mọ́, àfi òkùnkùn àti pupa díẹ̀ tí òòrùn bá wà. Ó ní òun ò sọ ọ́ nítorí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà, òun ò fẹ́ kí n dá a dúró. Mo ṣírò ọjọ́ nínú ọkàn mi. Láàárọ̀ tí mo bá ètè yẹn nílẹ̀, ó ṣì ń rí mi.

Ó yí pákó náà padà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mú ọwọ́ mi."

Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e sí iwájú orí màámi. Mo rọra fà á wá sí imú, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí ètè. Ó ń béèrè pé ibo ni òun wà. Mo ń sọ fún un. Ìka rẹ̀ kọjá láti arère bọ́ sórí apá, láti apá bọ́ sórí igi dúdú, kò sì mọ ìgbà tó kọjá. Bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ìfibọ̀ dára náà nìyẹn, kí ọwọ́ má mọ ibi tí igi kan parí sí. Mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ fá a kí ó lè rí bẹ́ẹ̀.

"Ó dán," bàámi wí. Ó tún gbé ìka rẹ̀ lọ, ó gbé e bọ̀. "Ó dán dáadáa."

Mi ò lè gbà á. Mo wọlé, mo mú ọ̀bẹ ìfíngi mi. Mo ní kí àǹtí mi di pákó náà mú. Ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í lórí lọ́tùn-ún lósì, bí wọ́n ṣe ń di orí ọmọ mú fún olólà, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé òun náà mọ ohun tí a ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí pélé. Mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, mo gé e jìn, igi dúdú tí mo fi sùúrù fi bọ̀ ọ́ ń fò dànù ní wẹ́wẹ́. Lọ́tùn-ún. Lósì. Àǹtí mi ń sunkún, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Bàámi gbọ́ ìró ọ̀bẹ, kò béèrè ohun tó jẹ́.

Mo gbé pákó náà padà fún un. Ìka rẹ̀ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó bọ́ sínú ìlà àkọ́kọ́, ó dúró. Ó tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tọ ìkejì, ó tọ ìkẹta. Ó lọ sí òsì. Nígbà tó dé èyí tó wà láàárín, ó tọ̀ ọ́ dé ìdajì, ìka rẹ̀ sì dúró bí ẹni pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí.

"Eléyìí gùn jù," ó ní.

Mo ní báwo.

"Ti àárín, lósì. Tiẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Ibí yìí ló mọ. Ìka mi máa ń bọ́ síbẹ̀ tó bá ti sùn." Ó tún fi ìka kàn án. Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ tí mi ò rí rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ó tú ká. Ó gbé orí sókè díẹ̀, bí ẹni tí àlejò wọlé wá bá.

Mo sáré sọ fún un pé màá tún un ṣe, pé màá dí ìyókù ìlà náà, pé mo lè fi gúlù àti èérún igi dí i. Ó mi orí. Ó gbé pákó náà kúrò lórí itan, ó nà án sí mi.

"Gbé e lọ," ó ní. "Mo ti rí i."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàámi, báwo ni màámi ṣe rí?"

  Ó ní, "Ìyá yín mà ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyá yín fún ọ?" Ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ tó ti kú wà lójú kan lókè orí mi. Mo wo ẹ̀yìn mi. Ọ̀nà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo gbé pákó tí ojú àǹtí mi wà lára rẹ̀ mọ́ àyà, mo dúró síbẹ̀ títí òòrùn fi kúrò lára ẹsẹ̀ bàámi.